Ẹ yé yí i lọ́kọ̀ọ̀kan: Bí ẹ ṣe lè pa àwọ̀ ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ yín dà nínú Microsoft Word

Ìyá kan wà nílùú Ìbàdàn tó ń se oúnjẹ òde ìnáwó. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rá tó ń di oúnjẹ sí, títí dé aṣọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sóde, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò tiẹ̀ mọ orúkọ tó wà lára pátákó náà. "Màmá aláwọ̀ ewé" ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí Màmá rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré fún àwọn oníbàárà wọn lóṣooṣù, olójú ewé méjì, tí wọ́n ń kọ iye owó oúnjẹ, oúnjẹ tuntun àti ìmọ̀ràn lórí ètò ìnáwó sínú rẹ̀, ó ní òun náà yóò ṣe tòun. Ọmọkùnrin tó ń bá a tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà rí àwòṣe kan tó dára púpọ̀ nínú Microsoft Word, àmọ́ àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ṣe é. Màmá ní kó yí i sí àwọ̀ ewé àti ọsàn. Ọmọ náà jókòó, ó ń yí i lọ́kọ̀ọ̀kan: àkọlé yìí, ìlà yẹn, àpótí tọ̀hún, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n tẹ 300 ẹ̀dà. Ìgbà tó jáde ni wọ́n tó rí i pé ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ṣì jẹ́ búlúù, tábìlì iye owó náà ṣì jẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé ti àkọlé kìíní kò sì bá ti èkejì mu. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi kọ iye owó kò hàn dáadáa lórí ìwé funfun. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ ìwé gan-an ni ojú àwọn èèyàn kò rí kà. Owó ti lọ.

Ohun tó ṣe Màmá yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké. Wọn kò mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo wà nínú Word tí èèyàn ti lè pa gbogbo àwọ̀ ìwé dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ la fẹ́ mú yín dé lónìí.

ÀWỌ̀ KÌ Í ṢE FÚN ẸWÀ LÁSÁN

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ lójú títì, tí ẹ rí pátákó aláwọ̀ ìyeyè lókèèrè, ẹ ò tíì ka nǹkan kan tí ọkàn yín ti sọ pé MTN nìyẹn. Àwọ̀ ewé ni ti Glo, pupa ni ti Airtel. Airtel yìí gan-an, Econet ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2001. Ó di Vmobile lọ́dún 2004, ó di Celtel lọ́dún 2006, ó di Zain lọ́dún 2008, kó tó wá di Airtel lọ́dún 2010. Ẹ lè fojú inú wo iye pátákó, káàdì àti ìwé ìpolówó tí wọ́n ní láti tún ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú oníbàárà ló kọ́kọ́ ń dá ọjà mọ̀, kí ẹnu rẹ̀ tó pe orúkọ.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò lágbára irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní náà wà fún un. Bí àwọ̀ ara pátákó yín, rìsíìtì yín àti ìwé ìròyìn yín bá jẹ́ ọ̀kan náà, oníbàárà tó bá rí ìwé yín lórí tábìlì ẹlòmíì yóò mọ̀ pé tiyín ni. Bí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀ síra, ńṣe lẹ ń fowó yín polówó ẹni tí kò sí.

AṢỌ ẸBÍ ÀTI AṢỌ ÀLEJÒ

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oríṣi àwọ̀ méjì ló wà nínú Word. Ẹ jẹ́ ká fi òde ìnáwó ṣàpèjúwe rẹ̀.

Bí ẹbí kan bá fẹ́ ṣe ìnáwó, olórí ẹbí yóò mú aṣọ, yóò ní èyí la máa wọ̀. Bó bá di ìnáwó mìíràn tó sì mú aṣọ aláwọ̀ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò kéde rẹ̀, gbogbo ẹbí yóò sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àlejò tó wọ aṣọ tirẹ̀ wá látilé, ìkéde yẹn kò kàn án.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú Word. Ẹ lọ sí Home, kí ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà A tó ní ìlà àwọ̀ lábẹ́. Àpótí kan yóò ṣí. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ Theme Colors sí. Àwọ̀ 10 ló tò síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn èyí tó mọ́lẹ̀ tàbí tó ṣókùnkùn jù ú lọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni aṣọ ẹbí. Nísàlẹ̀ àpótí náà ni wọ́n kọ Standard Colors sí, àwọ̀ 10 mìíràn lórí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn yẹn, àti èyíkéyìí tí ẹ bá lọ mú wá láti More Colors, ni aṣọ àlejò.

Àwọn tó ṣe àwòṣe ìwé ìròyìn tó wà nínú Word sábà máa ń fi aṣọ ẹbí wọ àkọlé, ìlà, àpótí àti tábìlì. Nítorí náà, bí ẹ bá yí àwọ̀ padà láti ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, gbogbo wọn yóò yí pa pọ̀. Ohun tí ọmọ tó ṣiṣẹ́ fún Màmá ṣe ni pé ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bọ́ aṣọ ẹbí lọ́rùn wọn, ó sì ń fi aṣọ àlejò wọ̀ wọ́n. Bí Màmá bá tún fẹ́ yí àwọ̀ lọ́la, ìyà kan náà ni yóò tún jẹ.

BÍ Ẹ ṢE MÁA ṢE É

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Word, kí ẹ tẹ File, lẹ́yìn náà New. Ẹ kọ newsletter sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, oríṣiríṣi àwòṣe yóò jáde. Ẹ mú èyí tí ètò rẹ̀ bá iṣẹ́ yín mu, kí ẹ má wo ti àwọ̀ rẹ̀ rárá, torí àwọ̀ ni ohun tó rọrùn jù láti yí padà. Ẹlòmíì á torí pé àwòṣe kan jẹ́ pupa kó pa á tì, bẹ́ẹ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bó bá ti ṣí tán, ẹ fún un lórúkọ, kí ẹ sì fi pamọ́ kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní báyìí, ẹ wo orí ìlà òkè, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Design sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Lápá ọ̀tún ni Colors wà. Ẹ tẹ òun náà. Bó bá jẹ́ Word 2007 tàbí 2010 ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín, abẹ́ Page Layout ni ẹ ó ti rí Colors. Ọ̀wọ́ àwọ̀ púpọ̀ yóò jáde, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ má tíì tẹ ìkankan. Ẹ kàn rọra gbé ọfà máòsì lé wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i tí ìwé ìròyìn yín ń pàwọ̀ dà lójú yín. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá kábàámọ̀, ẹ di Ctrl mú kí ẹ sì tẹ Z, gbogbo rẹ̀ yóò padà sí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí àwọ̀ pátákó yín gan-an láàárín wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí Customize Colors. Nínú Word 2007 àti 2010, Create New Theme Colors ni wọ́n pè é. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ibùjókòó àwọ̀ 12 yóò ṣí síwájú yín. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wà fún ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn ìwé. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, láti Accent 1 dé Accent 6, ni ó ń kun àkọlé, àpótí, ìlà àti tábìlì. Méjì tó kẹ́yìn wà fún àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀, èkejì fún èyí tí wọ́n ti tẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi dúdú àti funfun tó wà lókè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi olórí àwọ̀ yín sí Accent 1, kí ẹ fi èkejì sí Accent 2. Àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ fi ọmọ ìyá àwọn méjì yìí sí wọn, ìyẹn àwọn tó ṣókùnkùn tàbí tó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ díẹ̀, tàbí àwọ̀ eérú. Ẹni tó bá fi àwọ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síbẹ̀, ìwé rẹ̀ yóò dà bí aṣọ tí wọ́n fi àjákù lẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accent 1, tí ẹ mú More Colors, tí ẹ sì tẹ Custom, ẹ ó rí àyè nọ́ńbà mẹ́ta: Red ni pupa, Green ni àwọ̀ ewé, Blue ni búlúù. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú ni yóò jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ 255, funfun ni. 0, 100, 0 yóò fún yín ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn dáadáa. Àwọ̀ tí nọ́ńbà mẹ́ta yìí lè pò jáde lé ní mílíọ̀nù 16, nítorí náà ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ béèrè nọ́ńbà àwọ̀ yín lọ́wọ́ ẹni tó ṣe pátákó tàbí àmì ilé-iṣẹ́ fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ sì máa fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ẹ bá ti yan gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín sí àyè Name, kí ẹ tẹ Save. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọ̀ yín yóò máa wà lókè nínú Colors lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

ÀWỌN TÓ BÁ KỌ̀ TÍ KÒ YÍ

Ẹ lè rí i pé àkọlé kan tàbí àpótí kan ṣì dúró sórí àwọ̀ àtijọ́. Àlejò nìyẹn, aṣọ tirẹ̀ ló wọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ fi máòsì yàn án, ẹ padà sí lẹ́tà A lábẹ́ Home, kí ẹ sì mú àwọ̀ kan láti apá Theme Colors. Bó bá jẹ́ àpótí ni, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lọ sí Shape Format, lẹ́yìn náà Shape Fill, kí ẹ mú un láti apá Theme Colors bákan náà. Ó ti di ara ẹbí nìyẹn, kò sì ní kọ̀ mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Tábìlì ní ibi tirẹ̀: ẹ tẹ inú rẹ̀, kí ẹ lọ sí Table Design, kí ẹ sì wá Shading. Ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ ìwé, tó sapamọ́ fún ọmọ tó ṣiṣẹ́ fún Màmá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, yóò sì ṣí.

Fọ́tò kì í tẹ̀ lé ẹbí. Bí àwòṣe náà bá ní fọ́tò búlúù, ẹ yọ ọ́ kí ẹ fi tiyín sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Picture Format, ẹ tẹ Color, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè fún un ní àwọ̀ tó sún mọ́ tiyín.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Colors fúnra rẹ̀ ni kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹ wo òkè ojú kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n kọ Compatibility Mode síbẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé fáìlì àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń lò kí Word 2007 tó dé, kò sì mọ ètò aṣọ ẹbí yìí. Ẹ tẹ File, ẹ tẹ Info, kí ẹ tẹ Convert. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà kan, torí ètò ìwé náà lè yí díẹ̀.

KÍ OWÓ ÌTẸ̀WÉ TÓ JÁDE LÁPÒ

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé.

Àkọ́kọ́, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwọ̀ orí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀ tirẹ̀, láti inú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Íńkì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, mẹ́rin ló sì máa ń sábà jẹ́: búlúù tó fẹ́ dà bí àwọ̀ ewé, pupa tó fẹ́ dà bí elése àlùkò, ìyeyè àti dúdú. Ìdí nìyí tí àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà fi lè ṣú nígbà tó bá dórí ìwé. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan péré fún yín ná. Ẹ gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Owó ẹyọ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó 300.

Èkejì, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kì í ṣe fún ọ̀rọ̀. Ìyeyè àti ọsàn dára fún ìlà àti àpótí, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n kọ iye owó tàbí nọ́ńbà fóònù sórí ìwé funfun. Dúdú ni ẹ fi kọ ọ́, tàbí àwọ̀ yín tó ṣókùnkùn jù. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì aláwọ̀ dúdú kan wò. Èyí tí ẹ kò bá rí kà dáadáa lórí fọ́tòkọ́pì, yóò ṣòro fún bàbá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, àti fún àwọn tí ojú wọn kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Nínú àwọn Word tuntun, bí ẹ bá lọ sí Review tí ẹ tẹ Check Accessibility, Word fúnra rẹ̀ yóò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ tó sí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé ń jẹ íńkì. Bí ẹ bá fi Page Color kun gbogbo ojú ewé, Word kì í tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹ kò bá kọ́kọ́ lọ sí File, Options, Display, kí ẹ fi àmì sí Print background colors and images. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó tẹ̀ ẹ́, ṣé ó yẹ kí ẹ san owó íńkì tó bo gbogbo ìwé? Ẹ fi ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ ní funfun, kí ẹ jẹ́ kí àkọlé àti àpótí kan tàbí méjì gbé àwọ̀ yín. Ojú yóò rí i, àpò kò sì ní jò.

KÍ Ẹ MÁ BÀA TÚN UN ṢE LÓṢÙ TÓ Ń BỌ̀

Bí ohun gbogbo bá ti rí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ tẹ File, Save As, kí ẹ sì mú Word Template níbi tí wọ́n ti ń yan irú fáìlì. Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó kàn tẹ File, New, ẹ ó sì rí i lábẹ́ Personal. Ẹ̀dà tuntun ni yóò ṣí, ti àkọ́kọ́ kò ní bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan lẹ máa yí padà.

Bí ẹ bá ń da ọ̀rọ̀ láti inú ìwé mìíràn sínú rẹ̀, ẹ mú Keep Text Only nígbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà má baà gbé aṣọ àlejò wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, torí ètò àti àwọ̀ rẹ̀ kì í tú lórí fóònù ẹlòmíì bí ti Word.

Màmá aláwọ̀ ewé ti fi àwòṣe tirẹ̀ pamọ́ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù ló ń ṣí i lóṣooṣù, ó ń kọ iye owó tuntun sí i, ó sì ń tẹ ẹyọ kan jáde fún Màmá kó wò ó. Màmá á gbé e lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, á gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, á di ojú kan, á wò ó. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu, á ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.